Ewé Ìyá Sìdí Nínú Abọ́

Zulaihat ti wà ní rákáà kejì ìrun àsùbáà nígbà tó gbọ́ ọ lágbàlá: fàà, fàà, ìró kànìnkànìn lára abọ́. Àyà rẹ̀ já.

Jamilah, ìyàwó Ishaq ọmọ rẹ̀, ni. Ọ̀sẹ̀ yìí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sìn ín wọlé ní Ìsàlẹ̀ Òsì, ìyàwó tuntun kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ bá òun lórí ibùsùn. Kí ilé tó jí, yóò ti gbálẹ̀, yóò ti pọnmi, yóò ti fọ gbogbo abọ́ tó bá rí. Ta ni yóò bá ìyàwó wí pé ó fọ abọ́? Àmọ́ abọ́ kan wà lábẹ́ àtẹ̀gùn, tí Zulaihat kò rántí kìlọ̀ fún un nípa rẹ̀.

Òdòdó inú ìkòkò ni Zulaihat ń tà lójú títì Yemetu, ṣùgbọ́n ti inú abọ́ yìí kì í ṣe títà. Ìyá rẹ̀, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Sìdí, ló gbin ewé kan sára ògiri alámọ̀ ẹ̀yìn balùwẹ̀ nígbà ayé rẹ̀: irú ewé tó máa ń hù lára ọ̀pẹ, tí kì í yọ òdòdó, tí kì í so èso, tí ọyẹ́ kò sì lè pa. Ìyá kú, ewé ṣẹ́ kù. Nígbà tí mọ̀lẹ́bí ní kí bíríkìlà fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ògiri náà, Zulaihat ti ìsọ̀ dé, ó bá gbogbo rẹ̀ lórí ààtàn. Ẹ̀ka kan ṣoṣo ni kò tíì rọ. Ó fi bébà wé e, nígbà tó sì tú u, lẹ́búlẹ́bú pupa rúsúrúsú ti gbọ̀n sílẹ̀ lábẹ́ ewé, bí áásáà; òun ni irú ewé bẹ́ẹ̀ fi ń bí sí i. Ó bu iyẹ̀pẹ̀ sínú abọ́, ó da omi híhó sí i kó lè pa kòkòrò, ó jẹ́ kó tutù, ó fọ́n gbogbo lẹ́búlẹ́bú náà sí i tán, ó sì fi ọ̀rá bò ó. Oṣù ń gorí oṣù. Ohun tó hù kò yàtọ̀ sí èérí aláwọ̀ ewé tó máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ àmù.

Fàà, fàà. Zulaihat forí kanlẹ̀. Ṣé kó já ìrun ni? Ọlọ́run ló wà níwájú, ìyá rẹ̀ ló wà lẹ́yìn. Ó jókòó, ó ń sáré ka àdúà ìparí, ahọ́n rẹ̀ ń kọsẹ̀. Bó ṣe sálámà tán báyìí, ó di ìta.

"Ìyàwó! Gbé e sílẹ̀!"

Jamilah kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ mà. Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Ó ti kó iyẹ̀pẹ̀ ìdajì abọ́ náà kúrò, ibẹ̀ mọ́ fẹ́ẹ́, ó ń dán. Zulaihat fi ìbínú nawọ́ sí i.

"Kí ló dé tó ò fọ̀ ọ́ tán?"

"Mo rò pé èérí ni mà. Ìgbà tí mo débí, mo rí nǹkan kan tó ká jọ bí ìgbín kékeré. Mo tan fóònù sí i, ewé ni. Ọwọ́ mi kò gbé e mọ́."

Zulaihat bẹ̀rẹ̀ wò ó. Lóòótọ́, nínú ìdajì tó kù, ewé tín-ín-rín kan ti yọ, ó ká orí sínú gan-an bíi ti ara ògiri. Omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ó fa Jamilah dìde, ó sì gbé abọ́ náà lé e lọ́wọ́.

"Ìwọ lo kọ́kọ́ rí i. Wá ọ̀rá tó mọ́, ká fi bò ó."

Lẹ́yìn náà, ó padà sórí ẹní, ó tún ìrun náà kí láti ìbẹ̀rẹ̀. Èyí tó kọ́kọ́ kí, abọ́ ló dojú kọ.