Bàbá Yàgò àti Fèrè Tó Ń Ké Lẹ́yìn

Ìran tó ń gbé èèyàn dé ibi tí ó ń lọ ni Bàbá Yàgò ti ṣẹ̀ wá. Baba ńlá rẹ̀ ni atukọ̀ tí àwọn agbẹ̀bí máa ń ké sí létí odò nígbà tí ọmọ bá fẹ́ wáyé ní òdìkejì omi. Baba baba rẹ̀ ló kọ́kọ́ ra kẹ̀kẹ́ ní àdúgbò wọn, ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ náà kò sì ṣófo rí: bí kò bá gbé arúgbó lọ sí ilé ìwòsàn, a gbé olùkọ́ tó ti pẹ́ lọ sí ilé-ìwé. Baba tó bí i lọ́mọ wa ọkọ̀ akẹ́rù. Pákó ló ń kó, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níwájú ọkọ̀ ni aboyún àti ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán ti máa ń rí àyè jókòó. Nínú ìran náà, wọn kì í bi èèyàn pé níbo ló ń lọ. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé, ṣé ó ti pẹ́?

Nítorí náà, kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu nígbà tí òun náà dàgbà tán tó gba iṣẹ́ awakọ̀ áńbúláǹsì ní ilé ìwòsàn ńlá. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ kò pẹ́ di ohun ìgbàgbé. Bí fèrè ọkọ̀ rẹ̀ bá ti ń ké bọ̀, òun náà a yọrí síta, a máa pariwo, "Ẹ yàgò! Ẹ yàgò o!", bí ẹni pé fèrè nìkan kò tó. Àwọn nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ pè é ní Yàgò. Nígbà tí irun rẹ̀ di funfun, wọ́n fi Bàbá ṣáájú rẹ̀.

Nínú gáréèjì ilé ìwòsàn, ọkọ̀ tirẹ̀ ló máa ń sún mọ́ ẹnu ọ̀nà jù, tí imú rẹ̀ kọjú síta. Bàtà rẹ̀ kò ní okùn, kí ó lè tètè ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ife tíì rẹ̀ ní ìdérí, nítorí kì í sábà mu tíì tán níbi tó ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní gbogbo àkókò tó fi ṣe iṣẹ́ náà, ọlọ́pàá ojú pópó kò dá a dúró rí. Ta ni yóò dá a dúró? Àwọn ọlọ́pàá gan-an ló ń bá a lé ọkọ̀ mìíràn kúrò lọ́nà. Nǹkan kan sì wà láàárín àwọn awakọ̀ áńbúláǹsì tí ará ìta kò mọ̀. Bí méjì nínú wọn bá tẹ̀lé ara wọn, tí ti ẹ̀yìn fọn fèrè, ti iwájú kì í yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ńṣe ni yóò fi kún eré, tí yóò tan iná, tí yóò máa la ọ̀nà fún èkejì rẹ̀ títí wọn yóò fi dé.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, òun àti ìyàwó rẹ̀, tí í ṣe aránṣọ, dá owó jọ, wọ́n ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré kan. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá Yàgò kò mọ bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀ tí kò ní fèrè. Bí ó bá ń lọ ra búrẹ́dì, bí ẹni tó ń gbé aláìsàn ni. Ìyàwó rẹ̀ a fi ẹsẹ̀ méjèèjì ti ilẹ̀ ọkọ̀, a máa tẹ ìjánu tí kò sí níbẹ̀.

Nígbà náà ni ọmọ wọn ọkùnrin, tó ń gbé ní ìpínlẹ̀ kejì, bí ọmọbìnrin. Ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí wọn yóò lọ kí ọmọ tuntun náà, àkọ́bí wọn obìnrin yà sílé wọn. Ọ̀gá ilé-ìwé ni obìnrin yìí; dúróà tábìlì rẹ̀ kún fún bọ́ọ̀lù àti fóònù tó ti gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Ó dúró sẹ́bàá ìṣó tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ kọ́ sí, kò jókòó.

"Bàbá, ẹ máa lọ re, kẹ́ ẹ bọ̀ re. Ṣùgbọ́n ká jọ sọ ọ́ níṣojú Ìyá. Bí ẹ bá lè gba ìwé ìtanràn kan ṣoṣo lójú ọ̀nà yìí, kọ́kọ́rọ́ yìí ti di tèmi nìyẹn."

"Ṣé èmi lo fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ mi bí ọmọ ilé-ìwé rẹ?"

"Bàbá, àwọn ọmọ ilé-ìwé mi ń gbọ́ràn."

Ìyá bú sẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Mo ti jẹ́rìí sí i," ló wí.

Bàbá Yàgò gbà, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tó fi dúró. Bí kọ́kọ́rọ́ náà bá kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, òun tó gbé gbogbo ìlú rí yóò di ẹni tí ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà de ẹni tí yóò gbé e. Inú fóònù nìkan ni yóò sì ti máa rí ọmọ-ọmọ rẹ̀.

Wọ́n gbéra láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó ń rọra, ó ń ṣọ́ra, títí wọ́n fi kọjá ààlà ìpínlẹ̀. Lẹ́yìn ààlà, ọ̀nà fẹ̀, ó dán, ó sì gùn tọ́ọ́rọ́. Ẹsẹ̀ Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo díẹ̀díẹ̀. Ìyá, tó ń gán etí aṣọ ọmọ tuntun lórí itan, gbójú sókè.

"Bàbá wọn, kí ni wọ́n kọ sára pátákó tí a kọjá yẹn?"

"Pátákó wo?"

"Mo kúkú mọ̀."

Kò pẹ́ tí wọ́n kọjá afárá kan ni fèrè ké lẹ́yìn wọn. Bàbá Yàgò kò ro ohunkóhun. Ara rẹ̀ ló dáhùn. Ó tan iná iwájú, ó fún fèrè ọkọ̀ tirẹ̀, ó sọ gíláàsì kalẹ̀, ó sì yọrí síta. "Ẹ yàgò! Ẹ yàgò o!" Àwọn ọkọ̀ tó wà níwájú ń yà sọ́tùn-ún, wọ́n ń yà sósì. Tírélà kan tó gùn bí ilé rọra bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà fún un.

"Bàbá wọn, ṣé kì í ṣe àwa ló ń pè báyìí?"

"Kí la ṣe? Ẹ̀mí èèyàn ló wà níbẹ̀!"

Ìyá yíjú wẹ̀yìn. "Ọlọ́pàá ni o. Ó ń juwọ́ sí wa."

"Ó ń dúpẹ́ ni." Bàbá náà na ọwọ́ síta, ó juwọ́ padà pẹ̀lú ọ̀yàyà.

Ìgbà tí ọlọ́pàá náà ya wọ́n sílẹ̀, tó wá fi ọkọ̀ rẹ̀ dí wọn níwájú, ni Bàbá Yàgò tó dúró. Ó sáré bọ́ sílẹ̀. "Ẹni tí ara rẹ̀ kò yá dà?"

"Ẹ padà sínú ọkọ̀! Ẹ gbé ọwọ́ yín síbi tí mo ti lè rí i!"

Bàbá padà sínú ọkọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọ̀dọ́kùnrin ni ọlọ́pàá náà, fìlà rẹ̀ ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, òógùn sì bò ó.

"Bàbá, ṣé ẹ ò gbọ́ fèrè mi ni?"

"Mo gbọ́ ọ yékéyéké. Àbí ọ̀nà tí mo là fún yín ò fẹ̀ tó?"

"Ọ̀nà tí ẹ là fún mi? Bàbá, ẹ̀yin ni mò ń lé!"

 Àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ti lé kúrò lọ́nà bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan. Awakọ̀ tírélà náà fún fèrè, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Èmi?"

"Ẹ̀yin ni o."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ibi afárá! Mo ní kí n dá yín dúró, ẹ ń bá mi lé èèyàn kúrò lọ́nà. Láti ọjọ́ tí mo ti wọṣẹ́ yìí, ọ̀nà ò tíì dùn mọ́ mi tó báyìí rí."

Ìyá tẹ̀ síwájú kí ọlọ́pàá lè rí ojú rẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ má fojú fò ó. Mo ti ń wí fún un láti ààlà."

"Ìyá, ṣé kì í ṣe ọkọ yín ni?"

"Ọkọ mi ni. Mo fẹ́ kó pẹ́ láyé ni."

Nígbà tí Bàbá Yàgò ṣàlàyé iṣẹ́ tó ṣe títí ó fi darúgbó, ọlọ́pàá náà gbé orí lé òrùlé ọkọ̀, ẹ̀rín sì gbọ̀n ọ́n. "Ó yẹ kí n kọ ọ́ pé ẹ sá fún mi. Ṣùgbọ́n adájọ́ wo ló máa gbà mí gbọ́ pé ẹni tó ń sá fún mi ló ń la ọ̀nà fún mi?" Ìwé kan ṣoṣo ló já fún un, ìyẹn fún eré àsápajúdé. Ó sì kìlọ̀ fún un pé kó má rò pé jíjìn ilé yóò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà di ìgbàgbé. Àwọn ìpínlẹ̀ ń bá ara wọn sọ̀rọ̀; bí kò bá wá jẹ́jọ́ níhìn-ín, wọn yóò gba ìwé ìwakọ̀ rẹ̀ lọ́hùn-ún.

Nígbà tí wọ́n dé ilé ọmọ wọn, Bàbá gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ lé àyà, inú rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ kọ́kọ́rọ́. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, tí àwọn tírélà ń ya wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, Ìyá fẹ́ dán an wò.

"Àpò aṣọ mi jìn gan-an. Ìwé ìtanràn lè sọnù síbẹ̀."

"Mi ò parọ́ fún ọmọ yẹn nígbà tó wà ní kékeré. Mi ò ní í bẹ̀rẹ̀ nísinsìnyí."

Òun fúnra rẹ̀ ló lọ sílé àkọ́bí rẹ̀, tó gbé ìwé àti kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́. Obìnrin náà ti múra láti fi í ṣẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó ti rí bí baba rẹ̀ ṣe rọra ṣí ọwọ́, ó gbé ẹ̀fẹ̀ náà mì. "Èmi ni màá gbé yín lọ sílé-ẹjọ́," ló wí.

Ní ọjọ́ ẹjọ́, ìpàdé àwọn olùkọ́ dá ọ̀gá ilé-ìwé náà dúró, wọn kò sì tètè gbéra. Ọkọ̀ obìnrin náà ni wọ́n gbé; Bàbá jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Ìyá wà lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n kọjá ààlà, tí ọ̀nà fẹ̀, tó dán, Bàbá rí pátákó ìwọ̀n eré. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí yóò ka ohun tí wọ́n kọ sí i.

"Ọmọ mi, rọra." Ọ̀rọ̀ náà ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu.

"Bàbá, ilé-ẹjọ́ kì í dúró de èèyàn."

"Rọra, mo ní."

Fèrè ké lẹ́yìn wọn. Ọ̀gá ilé-ìwé di ìdarí ọkọ̀ mú gírígírí. "Bàbá, kí la máa ṣe?"

"Yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọmọ mi. Tiwa ni."

Ọlọ́pàá ọjọ́sí náà rìn bọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì wo inú ọkọ̀. "Bàbá! Ẹ tún ti dé?"

"Èmi ti fẹ̀yìn tì. Ọmọ mi ló jogún ẹ̀."

"Àṣé ìran yín ni!"

"Ó ti tó ìran mélòó kan," ni Bàbá Yàgò dáhùn. Ìyá ti dojú dé orí àga lẹ́yìn, ẹ̀rín kò jẹ́ kó lè mí.

Obìnrin tó ń gba nǹkan lọ́wọ́ ọmọdé na ọwọ́ gba ìwé tirẹ̀. Ó wò ó, ó wo baba rẹ̀. "Bàbá, mi ò lẹ́nu ọ̀rọ̀ mọ́." Òun náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ọmọdé tí wọn kò tíì gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tó ti di ọ̀gá.

Adájọ́ náà kò le. Ó ní kí Bàbá lọ jókòó nínú kíláàsì àwọn awakọ̀ fún ọjọ́ kan, kí àbàwọ́n má bàa kan ìwé ìwakọ̀ rẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n kúkú gbọ́ tòun náà pọ̀, wọ́n sì fi í sínú kíláàsì kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni baba àti ọmọ ṣe jókòó ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí àga pẹlẹbẹ nínú yàrá kan tí fáànù rẹ̀ ń dún. Olùkọ́ kíláàsì náà ní kí oníkálukú sọ ohun tó ń sáré sí. Ọ̀kan ní òun ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, òmíràn ní bọ́ọ̀lù ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó kan Bàbá Yàgò. Ó dìde, bí ó ti máa ń dìde níwájú àwọn dókítà.

"Gbogbo ọjọ́ ayé mi, ẹni tó ń sáré wà nínú ọkọ̀ mi lẹ́yìn. Òun ló ni eré náà, èmi kàn ń bá a wà á ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n dá mi dúró, ìyàwó mi ló wà nínú ọkọ̀, ó ń ránṣọ. Nǹkan kan ò ṣe é." Ojú rẹ̀ là bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ròyìn ayọ̀ fún. "Nǹkan kan ò ṣe ẹnikẹ́ni nínú ọkọ̀ mi mọ́."

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n jáde síta, ọmọ rẹ̀ yọ kọ́kọ́rọ́ kékeré náà nínú àpò, ó gbé e lé e lọ́wọ́. "Ẹ gbà, Bàbá. Ẹ gbé wa lọ sọ́dọ̀ ọmọ tuntun. Ẹ jẹ́ n fi ọkọ̀ tèmi sílẹ̀ níbí ná. Ara mi ò tíì balẹ̀ láti wà á." Bàbá wa ọkọ̀ ọmọ rẹ̀ dé gáréèjì bọ́ọ̀sì tó wà nítòsí, wọ́n fi í síbẹ̀, wọ́n wọ bọ́ọ̀sì dé ilé, wọ́n sì gbé ọkọ̀ kékeré náà lọ sọ́dọ̀ ọmọ-ọmọ lọ́jọ́ kejì. Ìyá ń dárúkọ ohun gbogbo tí wọ́n ń kọjá: màlúù, òdòdó, ilé tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ẹyin. Ó ní òun kò rí ọ̀kan nínú wọn rí.

Bàbá Yàgò wa ọkọ̀ náà títí ojú rẹ̀ fi di bàìbàì, tó sì fúnra rẹ̀ sọ pé ó tó. Kò kọ́ ilé gogoro, kò sì joyè. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló wà láàyè nítorí pé ó tètè dé, bí ọ̀pọ̀ wọn kò tilẹ̀ mọ ojú rẹ̀. Ọmọbìnrin kan sì wà ní ìpínlẹ̀ kejì tó mọ̀ ọ́n sí bàbá àgbà tí ọkọ̀ rẹ̀ ń rọra bọ̀ lójú ọ̀nà, tí èèyàn lè rí i lókèèrè, kó sì sáré lọ pàdé rẹ̀ lẹ́nu géètì kó tó dúró.