Ghazwan àti Oòrùn Tó Padà Yọjú

Ẹ sún mọ́bí, kí n sọ ti Ghazwan fún yín, awakọ̀ bàlúù kan nílùú Amman wa níbí. Ẹ má wo ti aṣọ funfun tó ń wọ̀ o. Ó ti pẹ́ tó ti ń wa bàlúù, àmọ́ ìgbéraga nìkan ló rí kọ́ níbẹ̀. Bó bá ti balẹ̀ tí àwọn èrò pàtẹ́wọ́ fún un, á máa yan bí àkùkọ tó rò pé òun lòun jẹ́ kílẹ̀ mọ́.

Nínú ààwẹ̀ ni, ó ń ti Káírò bọ̀ nírọ̀lẹ́. Rudayna, igbákejì ẹ̀, jókòó tì í. Ó yẹ kí wọ́n ti máa sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ tipẹ́. Kàkà kó máa sọ̀, àgùntàn tí Ìyá Layth, ìyàwó ẹ̀, fi wàrà kíkan sè dè é ló ń ròyìn.

"Ọ̀gá, a ti ga jù o."

"Ìwọ ọmọ yìí! Ojo ló ń tètè sọ̀. Màá kàn dà á sílẹ̀ ni, kí ìbọn tí wọ́n fi ń kéde ìṣínu tó dún."

Ló bá dorí bàlúù kodò. Ẹ gbà mí o! Ohun tó ń já ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ṣé eré ẹ̀ máa ń dín kù ni? Ó gbé irin pẹlẹbẹ orí apá dìde kí afẹ́fẹ́ lè dá a dúró. Gbogbo bàlúù ń gbọ̀n, eré ò rọ̀. Ó sọ táyà sílẹ̀, pàbó. Bí oòrùn ṣe wọ̀ báyìí, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ á rí, ó ju dàbínù sẹ́nu!

Ọ̀nà ìbalẹ̀ ti là sílẹ̀ níwájú wọn. Rudayna rí i pé bí wọ́n bá fi eré yẹn kanlẹ̀, ọ̀nà á tán kí bàlúù tó dúró. Àwọn ọmọ àwọn èrò ń ké lẹ́yìn. Òfin àwọn awakọ̀ sì ni pé béré ò bá tíì rọ̀ níbẹ̀ yẹn, kí wọ́n gbé e padà sókè, kí wọ́n lọ yípo wá.

"Ọ̀gá, ẹ gbé e sókè!"

"Dákẹ́, mo ti mú un."

"Ẹ ò mú nǹkan kan! Mo gbà á lọ́wọ́ yín o!"

Ó ti ẹ́ńjìnì síwájú fúnra ẹ̀. Bàlúù bú ramúramù, ó gòkè. Bí wọ́n ṣe ń gòkè, oòrùn tó ti wọ̀ tún yọjú sí wọn lójú fèrèsé, ó pọ́n yòò.

"Bàbá Layth," Rudayna bi í, "ẹ ti ṣínu ni? Oòrùn rèé o."

Ghazwan ò lè gbé dàbínù mì, kò lè tu ú.

Rudayna ló gbé wọn balẹ̀, wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹnikẹ́ni ò pàtẹ́wọ́. Nínú yàrá àwọn awakọ̀, àwọn yòókù ti ń mu ọbẹ̀ ẹ̀wà wẹ́wẹ́.

"Bàbá Layth," Hikmat, olórí wọn, bi í, "wọ́n ní ẹ lọ gbé oòrùn padà wá fún wa?"

Ẹ̀rín ta.

"Ó dáa, kí ló dé tẹ́ ẹ ò gbé e sókè nígbà tí Rudayna kọ́kọ́ sọ ọ́?"

"Atẹ́gùn ni…"

"Atẹ́gùn wo? Ewé kan ò mì níta!"

Ghazwan wo Rudayna bóyá á bá òun bò ó. Rudayna ń fún òróńbó kíkan sí ọbẹ̀ tiẹ̀, kò gbójú sókè.

Ghazwan dìde, ó bá tiẹ̀ lọ.