Ìyá àgbà tún béèrè àga

Ẹnu mi ló kó bá mi lónìí.

Ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ kan ni mò ń kọ. Ẹ̀rọ náà ń fi ìtànṣán ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù yọ́ lẹ́búlẹ́bú irin, ìpele lórí ìpele, títí yóò fi di odidi nǹkan. Tẹ́lẹ̀, kí kọ̀ǹpútà tó rí ihò kan tó ṣẹ́kù nínú irin náà, tó lè mú kó ṣẹ́, ẹ̀rọ ti da ìpele mìíràn bò ó. Láàárọ̀ yìí, kọ̀ǹpútà yá débi pé ó rí ihò náà kí ẹ̀rọ tó bò ó.

Inú mi dùn. Mo gbé fídíò rẹ̀ lọ fi han ìyá àgbà mi ní pálọ̀ wa n'Ítá Fájì. Irú ẹ̀rọ yẹn ló ṣe irin tí wọ́n fi pààrọ̀ oríkèé ìbàdí rẹ̀.

Ó wò ó dáadáa. Ó ní, "Èyí tó wà lára mi ńkọ́? Ṣé wọ́n ṣọ́ ọ báyìí?"

Mo ní, "Rárá o, Màmá. Ìgbà tó parí ni wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò."

"Bí ihò bá wà nínú rẹ̀, wọ́n á ti bò ó nígbà yẹn."

"Wọ́n máa ń fi ẹ̀rọ wo inú rẹ̀, Màmá. Kò sí nǹkan tó ṣe é."

Ó ní òun gbọ́.

Látìgbà tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ yẹn ló ti pa àga tó máa ń jókòó lé kírun tì, tó ń forí kanlẹ̀ bíi tiwa. Nígbà tá a fẹ́ kírun Alásárì, ó ní kí n bá òun gbé àga wá.

Èmi náà ni mo gbé e.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìyá àgbà nílé, kí lẹ̀ bá ti sọ fún un?