Lalla Tuda, Ẹni Tó Ná Kóòtù Láti Òkèèrè

Ní abúlé wa lẹ́sẹ̀ òkè Tafrawut ní ilẹ̀ Mòrókò, bí ẹ bá dárúkọ olóògbé Lalla Tuda, ọ̀rọ̀ kóòtù, aṣọ òtútù kan, ni ẹnikẹ́ni yóò kọ́kọ́ sọ. Bẹ́ẹ̀ ìyá yìí kò wọ kóòtù rí láyé rẹ̀. Bihi, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo tó wà ní Gent ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ló fẹ́ rà á, ìyá rẹ̀ sì ní kó gbé fóònù sókè nínú ṣọ́ọ̀bù kí òun náà lè fojú rí ohun tí wọ́n fẹ́ fi rẹ́ ẹ jẹ.

"Èló ni ọlọ́jà pè é?"

"Ọgọ́rùn-ún yúrò, Ìyá."

"Sọ fún un pé àádọ́ta."

"Ìyá, wọn kì í nájà níbí. Wọ́n ti kọ iye rẹ̀ mọ́ ọn lára."

"Ẹni tó kọ ọ́ lè pa á rẹ́. Sọ fún un."

Bihi sọ fún un. Ọmọbìnrin tó ń tajà náà rẹ́rìn-ín, ó ní kí ó má bínú, òun ò lè dín in.

"Ó rẹ́rìn-ín?" ni Lalla Tuda wí, inú rẹ̀ sì dùn gidigidi. "Ó ti fẹ́ gbà nìyẹn. Gbé e sílẹ̀, kí o máa lọ. Yóò pè ọ́ padà."

Ọmọ wa ni Bihi, ó mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ó gbé kóòtù sílẹ̀, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà.

"Ó ti pè ọ́?"

"Kò tíì pè mí."

"O ń yára jù. Rọra rìn. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Bihi rọra rìn jáde, ó rọra rìn dé ibùdókọ̀, yìnyín sì ń bọ́ lé e lórí.

"Ìyá, kò tilẹ̀ wo ẹ̀yìn mi."

"Agídí ló ń ṣe. Má bojú wẹ̀yìn."

Bó ṣe rìn délé láìní kóòtù nìyẹn, tó sì fi ọjọ́ mẹ́ta sín bí ewúrẹ́. Lọ́jọ́ kẹrin, ó yọ́ padà lọ láìsọ fún ìyá rẹ̀. Wọ́n ti dín owó gbogbo aṣọ òtútù kù sí ìlàjì: àádọ́ta yúrò géérégé. Ọmọ tó gbọ́n ì bá panu mọ́, ṣùgbọ́n Bihi sọ ọ́. Lalla Tuda gbé fóònù káàkiri abúlé títí ilẹ̀ fi ṣú, ó ń sọ fún tọmọdé tàgbà pé ará Bẹ́ljíọ̀mù yẹn ti pe ọmọ òun padà, pé ohùn rẹ̀ ló falẹ̀ díẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni kò rí ná. Ọdún mẹ́sàn-án ni Bihi fi wà ní Gent láìní ìwé ìgbélùú. Bó bá jáde, wọn ò ní jẹ́ kó wọlé mọ́. Lọ́jọ́ tó ń lọ, ìyá rẹ̀ sọ fún un pé òun fẹ́ fi ọwọ́ òun kan ojú rẹ̀ kí òun tó kú. Fóònù ń fi ojú hàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n dígí lásán ni ọwọ́ ń kàn.

Ẹ má rò pé ó fi ìyẹn sọkún o. Iṣẹ́ ló fi fóònù ṣe. Lọ́jọ́ ọjà, yóò nà án sókè òṣùwọ̀n Belaid alálùbọ́sà.

"Belaid, kí ọmọ mi."

"Bihi, ṣé àlàáfíà ni?"

"Àlàáfíà ni, ẹ̀gbọ́n."

"Ó ti rí ọ, ó sì ń wo òṣùwọ̀n rẹ," ni Lalla Tuda wí. "Ní ọ̀dọ̀ tiwọn, ẹni tó bá fi ìka tẹ òṣùwọ̀n, ẹ̀wọ̀n ni. Àbí irọ́ ni, Bihi?"

Bihi, tó wà níwájú ààrò ilé búrẹ́dì tí ìyẹ̀fun ti bò ó dé ìgbọ̀nwọ́, ní òótọ́ ni.

"Ẹ̀yin obìnrin yìí," ni Belaid wí, ó sì fi àlùbọ́sà méjì sí i.

Bí Bihi bá fẹ́ pa fóònù, ìjà tún dé.

"Ìyá, mo fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́."

"Wákàtí kan sí i."

"Ìṣẹ́jú márùn-ún."

"Ọgbọ̀n. O ò tíì mu ife kẹta."

Àlejò kì í kúrò nílé wa láìmu ife tíì mẹ́ta, nítorí náà ó máa ń bu ti Bihi sí iwájú fóònù. Fadma aládùúgbò rẹ̀ ló ń bá a mu ún. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi mu tíì ọmọ ọlọ́mọ, ó sì sanra dáadáa.

Nígbà tí ìwé Bihi jáde, Lalla Tuda ti wà lórí ibùsùn. Fadma ló bá a di fóònù mú.

"Ìyá, wọ́n ti fún mi níwèé. Mò ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀."

Fadma ti ń nu ojú.

"Ọjọ́ Ajé," ni Lalla Tuda wí.

"Ìyá, kò sí ọkọ̀ òfuurufú lọ́jọ́ Ajé."

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà náà. O rí i pé mo ti fi kún un."

"Ọjọ́bọ̀ ni mo ti sanwó fún. Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá."

"Ó dáa. Fadma, pa á."

"Kí n pa kí ni?"

"Pa fóònù. Yóò pè wá padà."

Fadma pa á. Omi tíì ò tíì hó tí fóònù fi dún.

"Ọjọ́rú, Ìyá. Mo ti pààrọ̀ rẹ̀. Mi ò lè dín in mọ́."

"Mo gbà bẹ́ẹ̀," ni Lalla Tuda wí.

Ó dé lọ́jọ́rú lọ́sàn-án gangan, nínú oòrùn tó ń ta ènìyàn lórí, pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn kí ìyá rẹ̀ lè rí i. Lalla Tuda fi ọwọ́ méjèèjì kan ojú rẹ̀, ó gbé e dání pẹ́. Lẹ́yìn náà ó fi ìka kan ọrùn kóòtù náà, ó sọ fún Fadma pé, "Àádọ́ta." Bihi mu ife mẹ́ta, Fadma ò sì rí nǹkan kan mu.

Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́bọ̀, kí ọkọ̀ òfuurufú tí Bihi kọ́kọ́ sanwó fún tó gbéra, ìyá rẹ̀ kú. Ọjọ́ kan péré ni wọ́n fi rí ara wọn lójúkojú, òun ló sì ná an. A sunkún rẹ̀, a sì ń rẹ́rìn-ín bí a ṣe ń sunkún.

Bihi ti padà sí Gent. Bó bá fẹ́ ra bàtà, ó máa ń béèrè iye rẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti kọ ọ́ mọ́ ọn lára. Lẹ́yìn náà ó máa ń gbé e sílẹ̀, kó máa lọ sí ẹnu ọ̀nà. Ó mọ̀ pé kò sí ẹni tí yóò pe òun padà níbẹ̀. Síbẹ̀, ó máa ń rọra rìn.