Pẹ́pẹ́yẹ Tó Sọ Ọ̀gá Mi Di Ọ̀jọ̀gbọ́n

Ọ̀gá mi kò mọ àwòrán yà. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí Baba Aláwòrán ni wọ́n ń pè é káàkiri, àwọn tó sì ń pè é bẹ́ẹ̀ rò pé ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya nǹkan kan. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe akọ̀wé rẹ̀ ní yunifásítì, ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́. N kò rí i kó ya ju igi kan lọ, igi ọ̀hún sì jọ ìgbálẹ̀. Ohun tó mọ̀ ni kó sọ̀rọ̀ nípa àwòrán. Ẹnu rẹ̀ dùn, aṣọ rẹ̀ mọ́, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ gbá àgbọ̀n mú kí wọ́n lè rò pé èèyàn ń ronú. Ṣíọ̀!

Nígbà tó kọ́kọ́ dé, olùkọ́ kékeré ni, èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ ni. Ohun tó gbé lọ́wọ́ dáa o, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ní bí ọmọ tí ìwé kíkà ń ṣòro fún bá kọ́kọ́ ya ohun tó wà nínú ìwé, ọ̀rọ̀ á tètè yé e. Ó wá kọ ìwé pélébé kan, ojú ewé mọ́kànlá, nípa pẹ́pẹ́yẹ tó jí láàárọ̀ tí kò rí bàtà rẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ bi ewúrẹ́, ó bi ológbò, ó bi ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀. Ojú ewé tó kẹ́yìn ló tó rí i pé bàtà ti wà lẹ́sẹ̀ òun látàárọ̀. Ọ̀gá kó ìwé yìí àti pẹ́ńsù aláwọ̀ lọ sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí kò jìnnà sí wa. Ní gbogbo Ọjọ́rú, fún odindi sáà kan, ó ń kó ọmọ méjìlá tí kò mọ̀wé kà jọ sínú yàrá kan, wọ́n á ya àwòrán, wọ́n á sì kàwé. Nínú ìwádìí rẹ̀, kò pè wọ́n lórúkọ. Nọ́ńbà ló fún wọn.

Ọmọ Keje ló sọ ọ́ di èèyàn. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́jọ ni. Ní Ọjọ́rú tó kẹ́yìn sáà, ọmọ yìí ka ìwé Pẹ́pẹ́yẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò ṣi ọ̀rọ̀ kan. Ọ̀gá gba ohùn rẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì, ó sáré wọ ọ́fíìsì, ó ń wú bí búrẹ́dì, ó ní kí n tẹ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé ìwé náà kíákíá. Lẹ́tà náà ní ọmọ yìí ti mọ̀wé kà, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò lára àwọn tí màmá olùkọ́ kan ń kọ́ lọ́tọ̀ lẹ́yìn tí ilé ìwé bá ti jáde, kí àyè lè ṣí fún ẹlòmíràn. Mo tẹ̀ ẹ́. Mo fi ábídí méjì tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ mi sí ìsàlẹ̀, ní igun òsì, bí àwa akọ̀wé ṣe máa ń ṣe nígbà yẹn kí wọ́n lè mọ ọwọ́ tó tẹ ìwé.

Kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo yẹn, ọ̀gá mi jẹ ẹ́ títí ó fi dé egungun. Iṣẹ́ mẹ́rìnlá ló kọ lórí rẹ̀. Ó kọ Ọmọ Keje àti àwòrán. Ó kọ Ọmọ Keje àti ohùn. Ó tún kọ èyí tó dá lórí bí Ọmọ Keje ṣe máa ń dákẹ́ díẹ̀ kó tó ṣí ojú ewé: kí ni ìdákẹ́ yẹn túmọ̀ sí? Èmi tí mo gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì náà títí etí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ di, mo mọ ohun tó túmọ̀ sí. Ọmọ ń fa ikun imú ni. Ìdákẹ́ yẹn ni wọ́n fi gbé e ga sí i, tí wọ́n fi fún un ní ọ́fíìsì tó ní fèrèsé méjì. Ó wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ síbi tí mi ò lè pe orúkọ rẹ̀, ó gbé kásẹ́ẹ̀tì sórí tábìlì, wọ́n pàtẹ́wọ́. Nígbà tó yá, ó di Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ní gbogbo ọdún yẹn, kò tún fẹsẹ̀ tẹ kíláàsì ọmọdé mọ́. Ó ní ariwo wọn ń fún òun ní ẹ̀fọ́rí.

Nígbà tó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì, ó pè mí. "Akọ̀wé, ní ọjọ́ ìdágbére mi, mo fẹ́ kí Ọmọ Keje wà lórí pèpéle. Kó ka ìwé Pẹ́pẹ́yẹ fún wọn. Lọ bá mi wá a rí."

"Ọ̀gá, kí lorúkọ rẹ̀?"

Ó wò mí bí ẹni pé èébú ni mo bú u. Kò mọ̀ ọ́n.

Màmá olùkọ́ ìjọ́sí ló mọ̀ ọ́n. Ó ti darúgbó, kò jáde mọ́, ṣùgbọ́n kò tíì gbàgbé ọmọ kankan tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó júwe ṣọ́ọ̀bù kan fún mi, lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́. Aránṣọ ni Ọmọ Keje. Ó tó ẹni ogójì ọdún, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, téèpù wà lọ́rùn rẹ̀, abẹ́rẹ́ mẹ́ta sì wà ní àyà aṣọ rẹ̀. Ìwé ńlá kan ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì rẹ̀. Mo wò ó, ẹnu yà mí. Kò sí orúkọ kan níbẹ̀. Ojú àwọn oníbàárà ni, oníbàárà kan sí ojú ewé kan, ó yà wọ́n débi pé mo dá aládùúgbò mi mọ̀. Lábẹ́ ojú kọ̀ọ̀kan, ó ya aṣọ tí wọ́n fẹ́, ó sì fa ìlà kéékèèké tó fi mọ ọjọ́ tí wọ́n máa wá gbà á.

Mo sọ ẹni tó rán mi. Ó dìde fùú, ó gbá ọwọ́ mi mú. "Àǹtí, ó ti dé? Ó ní òun ń bọ̀ ní Ọjọ́rú. Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, mo jókòó sí yàrá yẹn títí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn."

Mo fún un ní ìwé Pẹ́pẹ́yẹ, ẹ̀dà àtijọ́ kan tí omi òjò ti kán sí. Ó gbà á, ó rẹ́rìn-ín, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ohùn inú kásẹ́ẹ̀tì gan-an ni, àfi pé ó ti dàgbà. Ṣùgbọ́n ojú ewé kẹfà àti keje ti lẹ̀ mọ́ra nínú ẹ̀dà yẹn, kò sí ẹni tó lè rí inú wọn. Kò dúró rárá. "Ó bi ológbò. Ológbò ní, 'Èmi kì í wọ bàtà.'" Ó ń ka ohun tí ojú rẹ̀ kò rí.

"Ìwọ, o mọ̀wé kà?"

"Èyí nìkan ni mo mọ̀, Àǹtí. Ìyókù ló ní òun máa wá kọ́ mi."

Ẹ wá gbọ́ àṣìṣe tí kò sẹ́ni tó lè ṣe é àfi ọ̀mọ̀wé. Ìwé kan náà ló fi ń dán àwọn ọmọ yẹn wò láti Ọjọ́rú dé Ọjọ́rú. Ó ní bí òun bá pààrọ̀ ìwé, òun ò ní lè fi èsì ọ̀sẹ̀ yìí wé ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ìyá ọlọ́mọ èyíkéyìí ì bá ti sọ fún un pé ọmọ tó bá gbọ́ ìtàn kan lẹ́ẹ̀mẹwàá máa mọ̀ ọ́n lórí. Ta ló bi ìyá ọlọ́mọ?

Obìnrin yìí ṣàlàyé ara rẹ̀ fún mi. Yunifọ́ọ̀mù ilé ìwé ni iṣẹ́ tó ń mú wọlé jù, orúkọ àwọn ọmọ àti ìwọ̀n wọn ni wọ́n sì máa ń kọ ránṣẹ́ sí i. Ọmọbìnrin rẹ̀ ló ń kà á fún un. Ọmọ ọ̀hún ń lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìlú mìíràn ní ìparí oṣù. Tó bá ti lọ, iṣẹ́ yunifọ́ọ̀mù ti bọ́ nìyẹn. "Ọlọ́run ló mú ọ̀gá padà wá lásìkò," ló wí. Mo ní kó má wulẹ̀ lọ síbi ìdágbére yẹn. Ó ní, "Tí mi ò bá lọ, báwo ló ṣe máa mọ̀ pé mo ṣì ń dúró?"

Mo padà sí ọ́fíìsì, mi ò tiẹ̀ jókòó. Mo ní, "Ọ̀gá, ọmọ yẹn ò mọ̀wé kà. Orí ló fi mọ̀ ọ́n."

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. "Akọ̀wé, mímọ̀ lórí náà, ara ìwé kíkà ni. Ó wà ní orí kẹta ìwé mi."

"Ọ̀gá, èmi ni mo tẹ orí kẹta. Kò sí níbẹ̀."

"Á jẹ́ pé màá fi sí i nínú àtúntẹ̀ nìyẹn." Ó gbé awò ojú wọ̀ padà. "Ìwé Pẹ́pẹ́yẹ náà ló máa kà. Kò sẹ́ni tó máa fún un ní òmíràn. Ṣé o fẹ́ ba ayé mi jẹ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì sí ìfẹ̀yìntì ni?"

Ẹ ò rí nǹkan! Ayé ta ni wọ́n kọ́kọ́ bà jẹ́?

Ọjọ́ pé. Gbọ̀ngàn kún. Aránṣọ dé pẹ̀lú aṣọ tuntun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán, pẹ́ńsù tuntun méjì sì wà nínú àpò rẹ̀. Ọ̀gá sọ̀rọ̀ títí a fi ń yán, lẹ́yìn náà ló pè é gòkè. Ó ka Pẹ́pẹ́yẹ láì ṣi ọ̀rọ̀ kan. Àwọn èèyàn dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́, ẹlòmíràn ń nu ojú. Orí ọ̀gá àgbà yunifásítì wú. Ó fún un ní ìwé ètò ọjọ́ náà, èyí tí ìtàn ìgbésí ayé Ọ̀jọ̀gbọ́n wà nínú rẹ̀. Ó ní, "Jọ̀wọ́, ka ìlà àkọ́kọ́ fún wa."

Ó wo ìwé náà. Ó yíjú sí ọ̀gá mi, máìkì ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ ò tíì kọ́ mi ní èyí. Ti pẹ́pẹ́yẹ nìkan lẹ kọ́ mi. Ẹ ní ẹ ń bọ̀ ní Ọjọ́rú."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Mo ní, óyá, ó ti bá a. Ṣùgbọ́n ọ̀gá mi gba máìkì, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ rí i bí ìfẹ́ ẹ̀kọ́ ṣe wà lára rẹ̀ títí dòní!" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n tún pàtẹ́wọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọ̀mọ̀wé ló kún ibẹ̀, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó gbọ́ ohun tí obìnrin yẹn sọ. Ó rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ó wá bèèrè jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, "Ṣé Ọjọ́rú tó ń bọ̀ yìí ni?"

"A máa rí i," ni ọ̀gá wí.

Ní ọjọ́ Ajé, ó gbé ìwé mìíràn wá fún mi láti tẹ̀, ó pe àkọlé rẹ̀ ní Ọmọ Keje lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún. Mo tì í padà sí iwájú rẹ̀. Mo ní ìka ń dùn mí. Ní Ọjọ́rú, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

Ó wo ẹ̀yìn mi bóyá ẹnì kan tún ń bọ̀. Mo ní, "Kò ní wá." Ó ṣí dúrọ́ọ̀ máṣíìnì rẹ̀, ó mú lẹ́tà kan jáde tó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Mo ti rí orúkọ ẹ̀ka wa lórí rẹ̀ kí n tó gbà á. "Ọ̀gá ilé ìwé ló fún ìyá mi, ìyá mi ló tọ́jú rẹ̀. Torí rẹ̀ ni wọ́n ṣe lé mi kúrò lọ́dọ̀ màmá olùkọ́. Mi ò jẹ́ kí ọmọ mi kà á rí, ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ jẹ́ pé òpònú ni wọ́n pè mí. Mo fẹ́ fúnra mi kà á. Ṣùgbọ́n mo ti dúró pẹ́ jù, Àǹtí. Ẹ kà á fún mi."

Mo kà á. Pé ọmọ yìí ti mọ̀wé kà. Kí wọ́n yọ ọ́. Ó ń tẹ̀lé ìka mi títí mo fi dé ìsàlẹ̀. Ó fọwọ́ kan igun òsì. "Kí ni méjì yìí?"

Wọ́n ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀ fún un. Gbogbo bí mo ṣe ń yínmú sí ọkùnrin yẹn láti ọgbọ̀n ọdún wá, ọwọ́ mi ló fi ṣe é. "Àmì ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ni," mo ní. "Èmi ni."

Kò bú mi. Ó fa ìwé ńlá rẹ̀ sọ́dọ̀, ó ṣí ojú ewé tó mọ́, ó mú ọ̀kan nínú pẹ́ńsù tuntun yẹn, ó ń wò mí, ó ń yà mí. Ó ya bí mo ṣe máa ń yínmú, kò dín in kù. Lábẹ́ ojú mi, níbi tó máa ń ya aṣọ sí, ó ya ìwé tó ṣí sílẹ̀, ó sì fa ìlà Ọjọ́rú sí i, ọ̀kan, èkejì, ẹ̀kẹta, títí ìlà fi kún ìsàlẹ̀ ojú ewé.

Ó gbé ìwé tí wọ́n kọ orúkọ àwọn ọmọ oníyunifọ́ọ̀mù sí síwájú mi, ó ní, "Ẹ jókòó, ká bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ ò bá wá, màá wá yín wá. Ojú yín ti wà lọ́wọ́ mi."