Ọmọ Ajá Tó Ń Lu Agolo

Òkè pátápátá ni ọmọ mi obìnrin àti ọkọ rẹ̀ ń gbé ní Jákàńdè, ní àwọn ọdún tí wọ́n ń mú títì Ẹ̀pẹ́ fẹ̀ sí i, tí eruku rẹ̀ ń bá wa wọ inú ìkòkò ọbẹ̀. Ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bí èkejì ni, mo sì wá bá a wẹ ọmọ. Oṣù mẹ́ta ni mo fọkàn sí. Mo lò ju ọdún kan lọ.

Ọkọ ọmọ mi ló gbé ajá wọlé. Ṣàngótẹ̀dó ló ti gbé e bọ̀, níbi tó ti ń mójútó àwọn tó ń kọ́lé. Àkọ́bí wọn ló gbé e wá fún, ọmọbìnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, tó ń sunkún pé láti ìgbà tí ìkókó ti dé, kò sẹ́ni tó rí tòun rò mọ́. Ajá náà kò tóbi ju bàtà ọkùnrin lọ. Funfun ni, etí rẹ̀ kan dúdú. Inú ọmọ náà dùn débi pé kò jẹun alẹ́. Ṣùgbọ́n kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí kápẹ́ẹ̀tì pálọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í rùn.

Ọkọ ọmọ mi ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá ọmọ-ọmọ yín sọ̀rọ̀. Ìkókó wà nínú ilé. Tí ajá yìí bá tún yàgbẹ́ sí pálọ̀ mi, màá gbé e padà fún àwọn bíríkìlà."

Ọmọ náà wojú mi. Mo ní, "Ẹ fi lé mi lọ́wọ́."

Ohun tí mo mọ̀ nínú ọmọ títọ́ ni mo lò. Bí a bá fẹ́ kí ìkókó tọ̀, a ó gbé e jókòó sórí ẹsẹ̀, a ó máa ṣe "ṣììì, ṣììì" sí i létí títí ara rẹ̀ yóò fi mọ̀ ọ́n. Ti ajá le díẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ilẹ̀kùn onírin máa ń wà ní títì, àtẹ̀gùn sì pọ̀. Ó gbọ́dọ̀ lè pè wá. Mo fọ agolo mílíìkì kan, mo kó òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́ta sínú rẹ̀, mo fi okùn so ó mọ́ ilẹ̀kùn níbi tí ọwọ́ ajá lè dé. Nígbàkígbà tí mo bá fẹ́ gbé e jáde, màá kọ́kọ́ mú ọwọ́ rẹ̀, màá fi lu agolo, kóro-kóro. Lẹ́yìn náà la ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sórí yanrìn lẹ́bàá gọ́tà. Ṣììì. Tó bá ṣe tán, màá bù fún un nínú orí panla.

Télọ̀ obìnrin kan wà nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ó máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀. "Màmá, ẹ ò sinmi o. Ṣé wọ́n máa fún ajá yìí ní sàtífíkéètì ni?"

Mo ní, "Ó máa gbà á kó o tó parí aṣọ Iléyá èṣí tí wọ́n gbé fún ẹ."

Ẹni tó ni aṣọ wà níbẹ̀. Ẹ̀rín pa á.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mò ń po ògì lọ́wọ́, mo gbọ́ kóro-kóro. Kò sẹ́ni tó di ajá náà lọ́wọ́ mú. Ọmọ náà sáré jáde pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu: "Màmá, ó lù ú! Òun fúnra ẹ̀ ló lù ú!" Ó sọ fún gbogbo kíláàsì wọn. Bàbá rẹ̀ náà ní mo gbọ́n ju dókítà ajá lọ. Ìyìn yẹn dùn mọ́ mi. Ká sọ òtítọ́, ó dùn mọ́ mi jù.

Ọmọ mi padà sẹ́nu iṣẹ́, ó ku èmi àti ìkókó nílé lọ́sàn-án. Eruku títì ti kó ikọ́ bá ìkókó, oorun rẹ̀ kì í pẹ́. Lọ́jọ́ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn, ajá ń fi imú ta agolo ṣeré, ọmọ sì ta gìrì. Mo tú agolo kúrò, mo gbé e sórí fíríìjì. Mo ní tí ọmọ bá jí, màá so ó padà.

Ọmọ jí. Mo wẹ̀ ẹ́, mo fún un lóúnjẹ, mo pọ̀n ọ́n, mo jókòó ti ẹ̀wà tí mò ń ṣà. Agolo ti kúrò lọ́kàn mi. Ajá lọ sẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó gbé ọwọ́ sókè, ọwọ́ rẹ̀ kò ba nǹkan kan. Ó tún gbé e. Ó bojú wẹ̀yìn wò mí. Mo rí i o, ojú mi méjèèjì ni mo fi rí i. Mo ní, "Lọ jókòó, má dà mí láàmú." Ó wá fi imú kan orúnkún mi, ó padà sẹ́nu ilẹ̀kùn. Kò gbó, kò sunkún. Mi ò kọ́ ọ ní ìyẹn.

Ìrọ̀lẹ́ ni ọkọ ọmọ mi dé, òun ló sì fi ìbọ̀sẹ̀ tẹ ìgbẹ́ ajá. Kò pariwo. Ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ náà, ó ní, "Màmá, ẹ ṣebí ó ti mọ̀ ọ́n."

Agolo wà lórí fíríìjì lẹ́yìn rẹ̀. Ilé àna ni mo wà. Ìyá ìyàwó tó ń jẹ nílé ọkọ ọmọ rẹ̀ a máa ṣọ́ ara rẹ̀, kí wọ́n má sọ pé arúgbó ti ń gbàgbé nǹkan, kí wọ́n má máa ronú pé ṣé òun náà la ń fi ìkókó sílẹ̀ fún. Ìyẹn ló sáré wá sí mi lọ́kàn. Mo ní, "Ajá ni, ọkọ mi. Ẹranko ò ṣe é fọkàn tán."

Àkọ́bí wọn bi mí ní tirẹ̀: "Màmá, ṣé kò lu agolo ni?"

"Kò lù ú."

Ẹni bá gbọ́ ọ kò lè pè é nírọ́. Síbẹ̀, nínú gbogbo irọ́ tí mo ti pa, òun ni kò kúrò lára mi. Ọkọ ọmọ mi kì í ṣe òǹrorò. Ká ní mo sọ pé èmi ni mo tú u, ì bá rẹ́rìn-ín ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ó gbé ajá sínú páálí, ó gbé e lọ síbi iṣẹ́. Ọmọ náà kò jáde wá kí i pé ó dàbọ̀. Mo rò pé ẹkún ni kò jẹ́.

Ó tó oṣù díẹ̀ kí n tó rí àyè bá a dé Ṣàngótẹ̀dó. Ilé náà ti parí, àwọn bíríkìlà ti kó lọ. Ará Ọ̀ṣun ni wọ́n, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n gbà. Máígádì tó wà níbẹ̀ ní òun kò bá ajá kankan.

Ọmọ náà ti wà nílé ọkọ báyìí, ní Addo. Lọ́dún tó kọjá mo lọ kí wọn, ọkọ rẹ̀ sì ní òun fẹ́ ra ọmọ ajá. Ọmọ náà ní, "Láéláé. Mo ní ọ̀kan rí, kò gbọ́n, ó dójú tì mí." Nígbà tí ọkọ rẹ̀ jáde, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: agolo, fíríìjì, bí ajá ṣe gbé ọwọ́ sókè lẹ́ẹ̀mejì. Mo rò pé yóò fi mí rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Màmá, mo nà án láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Kí Dádì tó gbé e lọ. Mo fi bàtà nà án ní bákónì, mò ń bi í pé kí ló dé tí ò fi lù ú. Kò sá o. Ó kàn ń wò mí."

N kò mọ̀. Látọjọ́ yìí, àánú ajá nìkan ló ń ṣe mí. Mo bẹ̀ ẹ́ pé èmi ni kó bínú sí. Ó ní, "Ó ti pẹ́, Màmá, kò sí nǹkan." Ó kó abọ́ tí a fi jẹun, ó wọ ilé ìdáná lọ. Abọ́ méjì péré ni. Mo ń gbọ́ tí omi ẹ̀rọ ń ṣàn, ó sì pẹ́ gan-an kó tó pa á.