Àǹtí Mi Tó Máa Ń Kẹ́yìn sí Tẹlifíṣàn

Bí Àǹtí mi, àbúrò ìyá mi, bá tan tẹlifíṣàn fún wa ní Ìkàtẹ́ nígbà tí mo wà lọ́mọdé, wọ́n á jókòó kẹ́yìn sí i. Bátìrì ọkọ̀ la fi ń tàn án. Àwa ọmọdé tí a kò tíì tó ilé ìwé lọ la máa ń kún pálọ̀ wọn, àwa gan-an ni wọ́n sì ń wò. Bí ẹnì kan nínú wa bá ti fọwọ́ bojú báyìí, wọ́n á pa tẹlifíṣàn.

Wọ́n máa ń sọ pé, "Ojú ọmọ ni yóò sọ eré tó yẹ ọmọ."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, a wo eré ìyá adìyẹ kan tó sọnù, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń dúró dè lẹ́nu ọ̀nà. Kò sí ìjà níbẹ̀, kò sí iwin, Àǹtí sì jẹ́ kí a wò ó tán. Nígbà tí ìyá adìyẹ délé, gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Èmi dìde, mo lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

Àǹtí ní, "Kí lò ń wá níta?"

"Màmá mi ni mò ń dúró dè. Ẹ ní wọ́n lọ sí Ẹ̀pẹ́."

Àǹtí ní kí àwọn yòókù máa lọ sílé, wọ́n sì wá jókòó tì mí.

"Irọ́ ni mo pa fún ẹ. Màmá ẹ ò lè padà wá mọ́. Wọ́n ti kú."

Ọmọ ọdún mẹ́rin ni mí nígbà náà, mi ò mọ ohun tí ikú jẹ́. Ẹkún Àǹtí nìkan ni mo rí. Mo ń fọwọ́ nu omijé wọn, mo ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má sunkún mọ́, Màmá á dé láìpẹ́.